ÀYÈ ÀWỌN ÌYÁ WA NÍNÚ ÌGBÌMỌ̀ ÌLÚ: Láti Ayé Arise àti Ìyálóde Títí di Ayé Ìdìbò

Ó ti di àṣà nínú ìwé ọdọọdún yìí pé kí a máa tú ojú ewé kan wò nínú ìtàn ìlú wa. Ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé gbogbogbòò wa tí ó kọjá ni ó fa èyí tí a óò kọ lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ìpàdé náà, ẹ̀ka àwọn obìnrin mú ẹ̀bẹ̀ kan wá síwájú ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí a ya àyè mẹ́ta sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ wa, nítorí pé wọn kì í gbẹ́yìn nínú owó sísan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a ń fi lé wọn lọ́wọ́ ni oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú àlejò. Àgbà kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún dìde. Ó ní ẹ̀bẹ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣà wa; ó ní àwọn Òyìnbó ni ó kó ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin wá sí ilẹ̀ yìí, àti pé ní ayé àwọn baba wa, obìnrin kì í jókòó níbi tí a bá ti ń gbìmọ̀ ìlú. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ìyá wa dákẹ́. A sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tí ń bọ̀.

A kò kọ èyí láti bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá pe àṣà ní ẹlẹ́rìí, ó tọ́ kí a gbọ́ ẹ̀rí náà tán kí a tó dá ẹjọ́. A ti yẹ ìtàn wò, ohun tí a sì rí ni pé ìdàkejì ọ̀rọ̀ náà ni ó jẹ́ òótọ́. Kì í ṣe Òyìnbó ni ó mú obìnrin wọ inú ìgbìmọ̀ wa. Ayé Òyìnbó gan-an ni obìnrin jáde kúrò níbẹ̀, a kò sì tíì mú wọn padà wọlé tán títí di òní.

AYÉ ÀWỌN BABA WA, ÀTI TI ÀWỌN ÌYÁ WA

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ààfin. Nínú àkójọ orúkọ àwọn Ọwá tí ó ti jẹ ní Iléṣà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń kà á àti bí àwọn òpìtàn wa ti kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ àwọn obìnrin wà níbẹ̀. Ìtàn wí pé wọ́n gun orí ìtẹ́ Ajíbógun, wọ́n sì darí ìlú. Lẹ́yìn ìgbà náà ni oyè náà di ti ọkùnrin nìkan. A kò sọ pé kí a yí èyí padà. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó bá ní obìnrin kò darí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rí kò tíì ka àkójọ náà dé ìdí.

Yàtọ̀ sí èyí, oyè Arise wà. Arise ni olórí àwọn ìjòyè obìnrin ní Iléṣà, àwọn ìjòyè obìnrin mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Kì í ṣe oyè tí a fi ń dá olówó lọ́lá ní ọjọ́ ayẹyẹ. Oyè tí ó ní iṣẹ́ nínú ni. Ohun tí ó bá dun àwọn obìnrin ìlú, ọ̀dọ̀ Arise ni ó ń gbà dé etí Ọwá; ohun tí Ọwá bá sì fẹ́ kí àwọn obìnrin ṣe, ẹnu Arise ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọbìnrin ní ìpín nínú ilé baba rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Bí ó tilẹ̀ wà ní ilé ọkọ, a kì í pín ogún baba rẹ̀ kí a fò ó.

Bí a bá yí ojú sí Òṣogbo, aládùúgbò wa, ọ̀rọ̀ náà tún hàn kedere sí i. Òṣogbo kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìtàn wọn wí pé láti Ìpólé, ní ẹ̀bá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni Lárọ́òyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ ti wá omi lọ, tí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Obìnrin ni wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀ṣun ni ó bá ọba dá májẹ̀mú, ẹja tí ọba tẹ́wọ́ gbà ní etí odò ni ó sì fún un ní orúkọ oyè tí a ń pè ní Àtáọ́ja títí di òní. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, nígbà tí gbogbo ayé bá péjọ sí igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní ọdún 2005, ọmọbìnrin kan láti ilé ọba ni ó ń ru igbá. Arugbá ni gbogbo ìlú ń tẹ̀lé, àti ọba àti ìjòyè.

Ìtàn Ifá kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Oròkí mọ̀ tún wí pé nígbà tí Olódùmarè rán àwọn irúnmọlẹ̀ wá tún ayé ṣe, mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin tí ó ṣe ìkẹtàdínlógún. Àwọn ọkùnrin ń gbìmọ̀, wọn kò pè é. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì ń bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n padà lọ fi ẹjọ́ sùn, Olódùmarè bi wọ́n léèrè ẹnì kan tí ó kù. Wọ́n ní àwọn kò kà á sí. Ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́, ìgbà tí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ ni ayé tó gún. A kò sọ ìtàn yìí láti pe ẹnikẹ́ni kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ Kristẹni àti Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń sọ irú ìtàn báyìí fún ọmọ wọn mọ̀ dájú pé ìgbìmọ̀ tí kò sí obìnrin nínú rẹ̀ ní àbùkù.

Ní Òṣogbo, ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, Ìyálóde ni orúkọ oyè tí olórí àwọn obìnrin ń jẹ́. Ìyálóde ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ọba pẹ̀lú àwọn ìjòyè ọkùnrin. Ó ń dá ẹjọ́ láàárín àwọn obìnrin, ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọjà, bí ọ̀rọ̀ ogun tàbí àlàáfíà bá sì délẹ̀, ó ní ohùn níbẹ̀. Ẹ rántí Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìbàdàn, ẹni tí wọ́n pa ní ọdún 1874, àti Ìyálóde Tinúbú ti Abẹ́òkúta, tí ó kú ní ọdún 1887. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ayé wọn kò ní agbára tí wọ́n ní.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìtàn pọ́n ara wa lójú. Ayé àtijọ́ kò dọ́gba fún obìnrin. Ìyálóde kan ṣoṣo ni ó ń jókòó láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin. A fi ọmọbìnrin ṣe ìwọ̀fà, a ṣú opó lópó láìbi í bóyá ó fẹ́, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde síta rárá. Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ mú dání: àyè tí obìnrin ní nínú ìgbìmọ̀, bí ó tilẹ̀ kéré, ẹ̀tọ́ ìlú ni. Ẹnikẹ́ni kò fi ṣe àánú fún un, ọba kò sì lè jí ní òwúrọ̀ kan kí ó gbà á.

AYÉ ÒYÌNBÓ

Nígbà tí ìjọba Òyìnbó fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ní àwọn ọba àti ìjòyè wa ni àwọn yóò máa fi ṣe ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà dára létí. Ṣùgbọ́n àwọn ajẹ́lẹ̀ tí ó wá láti ìlú Òyìnbó kò bá obìnrin nínú ìgbìmọ̀ ní ilé wọn. Ní ìlú wọn, títí di ọdún 1918, obìnrin kankan kò lè dìbò yan aṣòfin. Nítorí náà nígbà tí wọ́n béèrè àwọn olórí ìlú, ọkùnrin ni ojú wọn ń wá. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìwé tí ó dá ìgbìmọ̀ àti kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ kò ka àwọn ìjòyè obìnrin sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kò gba owó oṣù, ẹjọ́ tí ó bá sì dá kò múlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi oyè Ìyálóde tàbí Arise rẹ́. Wọ́n kàn fà á kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn tí wọ́n dàgbà sínú ayé tuntun yìí rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àgbà wa ti wá. Kò parọ́, ohun tí ó bá láyé ni ó pè ní àṣà.

Ìdìbò àkọ́kọ́ pàápàá kò kan obìnrin. Òfin ọdún 1922 fún ọkùnrin nìkan ní ìbò, ní Èkó àti Calabar, àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún sì tó £100 nìkan ni. Ṣùgbọ́n ní ti owó orí, àwọn kan rántí obìnrin. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin ní Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ná an.

Ìtàn ohun tí ó tẹ̀lé èyí kan Òṣogbo. Ní ọdún 1946, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, àwọn tí ó mọ̀wé àti àwọn tí kò mọ̀wé pa pọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní san owó orí mọ́ àfi bí àwọn bá ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀. Ní ọdún 1947 ìyáàfin náà bá àwọn aṣojú ilẹ̀ wa lọ sí London, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ pé kí Òyìnbó tó dé, obìnrin ilẹ̀ wa ní ipò tirẹ̀. Ní ìparí ọdún náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin yí ààfin Aláké ká, wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Ìjà náà kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù keje ọdún 1948, Aláké Adémọ́lá Kejì fi Abẹ́òkúta sílẹ̀. Ibo ni ó forí lé? Òṣogbo ni. Ní ìlú tí Ọ̀ṣun fún ọba wọn ní orúkọ ni ọba tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lé jáde ti wá ìsinmi. Ní oṣù kìíní ọdún 1949 ó kéde pé òun fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó sì di ìparí ọdún 1950 kí ó tó padà sílé. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá gba ohun tí wọ́n jà fún: a dá owó orí náà dúró, a sì fún wọn ní àyè mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀ tuntun.

Ẹ wò ó dáadáa. Àyè nínú ìgbìmọ̀ ni wọ́n béèrè. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò sí níbi tí a ti ń ṣe ìpinnu kò lè mọ ìgbà tí a óò tún gbé ẹrù mìíràn ka òun lórí.

ÌBÒ DÉ, ÌJÓKÒÓ KÒ DÉ

Nígbà tí òmìnira ń sún mọ́lé, ìbò bẹ̀rẹ̀ sí dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ìyáàfin Ransome-Kútì dije láti wọ ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1951, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1959, nínú ìdìbò tí ó ṣáájú òmìnira, gbogbo àgbà obìnrin ní Ìlà-Oòrùn, Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó ni ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwọn obìnrin Àríwá kò tíì ní in; wọ́n dúró títí di ọdún 1976. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa tí ó mọ̀wé lónìí ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ṣí ilẹ̀kùn fún. Baba tí ì bá sọ pé owó kò tó, kí ọmọkùnrin lọ kí ọmọbìnrin dúró, kò rí àwáwí mọ́. Ní ọdún 1960, Olóyè Wuraọlá Èsan ti Ìbàdàn di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jókòó nínú ilé aṣòfin àgbà ilẹ̀ wa.

Ó dàbí ẹni pé ilẹ̀ ti ń mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ dá ìjọba padà fún ará ìlú, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Ní ọdún 1975, wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun. Ọlọ́gbọ́n mọ́kàndínláàádọ́ta ni a pè wọ́n. Obìnrin kan ṣoṣo kò sí nínú wọn. Àwọn ọmọ obìnrin ni wọ́n, ọkọ obìnrin ni wọ́n, wọ́n jókòó kọ òfin fún obìnrin, wọn kò sì ri pé ẹnì kan kù. Abájọ tí kò fi sí obìnrin kan nínú ilé aṣòfin àgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979. Ó di ọdún 1983 kí a tó dìbò yan obìnrin àkọ́kọ́ síbẹ̀, Olóyè Franca Afegbua láti ìpínlẹ̀ Bendel, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn ológun sì tún dé.

ÀWỌN TÍ Ó RU ẸRÙ TIWA-N-TIWA

Nínú ìrìn-àjò kejì láti ọwọ́ ológun sí ọwọ́ ará ìlú, ọmọ tí a bí ní Iléṣà wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tí a bí ní ìlú wa ní ọdún 1933, ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ọ̀rọ̀ Obìnrin, èyí tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1989. Òpìtàn ni. Òun ni ó kọ̀wé tí ó fi han ayé ohun tí Ìyálóde jẹ́ nínú ìṣèlú àwọn Yorùbá. Ohun tí ó ti inú ìtàn rí ni ó gbé wọ inú iṣẹ́ ìjọba: pé obìnrin ilẹ̀ wa kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 a dìbò, àwọn ológun sì fagi lé e. Ohun tí ó tẹ̀lé e, gbogbo wa ni ó kàn. Nígbà tí wọ́n ti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá mọ́lé ní ọdún 1994, ìyàwó rẹ̀, Alhaja Kúdírátù Abíọ́lá, kò jókòó sílé. Ó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tí ń béèrè ìbò wọn, títí wọ́n fi yìnbọn pa á ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996. Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ra ìjọba tiwa-n-tiwa padà, orúkọ obìnrin wà lókè.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999 dé. Òfin ìpìlẹ̀ tuntun wí ní abala 42 pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo rẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí jẹ. Ọ̀rọ̀ dára. Ẹ jẹ́ kí a wá ka ìjókòó. Ní ọdún 1999, obìnrin mẹ́ta ni a dìbò yàn nínú aṣòfin àgbà 109. Ní ọdún 2023, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún, obìnrin mẹ́ta náà ni a kọ́kọ́ kéde. Ilé ẹjọ́ ni ó fi ẹnì kẹrin kún wọn. Kò sì tíì sí ìpínlẹ̀ kan tí ó dìbò yan obìnrin ní gómìnà.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa, tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ní ohun tí ó lè fi yangàn. Ìyáàfin Patricia Olúbùnmi Etteh láti Ìkirè ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, ní ọdún 2007, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mélòó kan péré ni ó lò kí àríyànjiyàn lórí owó àtúnṣe ilé tó mú un fi ipò náà sílẹ̀. Olóyè Ẹ̀rẹlú Olúṣọlá Ọbáàdà ṣe igbákejì gómìnà láti ọdún 2003 sí ọdún 2010, ó sì di mínísítà kékeré fún ètò ààbò ní ọdún 2011. Ìyáàfin Títílayọ̀ Láoyè-Tòmórì gba ipò igbákejì gómìnà náà láti ọdún 2010 sí ọdún 2018. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni obìnrin fi wà ní ipò kejì ní Òṣogbo, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jà. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló mọ̀ pé ìbò obìnrin ṣe kókó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí gómìnà bá yàn fún igbákejì ni igbákejì ń ṣe, àwọn tí ó sì jẹ igbákejì láti ọdún 2018 wá, ọkùnrin ni wọ́n. Láti ọdún 1999, Ọ̀ṣun kò tíì rán obìnrin kan lọ sí ilé aṣòfin àgbà.

Kí ló fà á? Kì í ṣe pé obìnrin kò jáde dìbò. Ẹ lọ wo ìlà ní ọjọ́ ìdìbò. Ibi tí a ti ń yan olùdíje ni ọ̀rọ̀ wà. Òru ni a ń ṣe ìpàdé òṣèlú, ní ilé àwọn ọkùnrin, owó ni a sì fi ń gba ọ̀nà. Obìnrin tí ó bá lọ, a ní kò níwà; èyí tí kò bá lọ, a ní kò ṣe tán.

Ìdènà mìíràn wà tí ó kan ẹgbẹ́ bí irú tiwa gbọ̀ngbọ̀n. A mọ ìyá kan, ọmọ Òṣogbo, tí ó fẹ́ ọmọ Iléṣà láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Iléṣà ni ó ti bí ọmọ, ibẹ̀ ni ó kọ́ ilé sí, ibẹ̀ ni ó ń tajà. Ó ń san owó ẹgbẹ́ ní ìlú méjèèjì. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò ní kí ó gba fọ́ọ̀mù kí ó dije sí ipò kánsílọ̀, àwọn kan ní ọmọ Òṣogbo ni, kí ó lọ dije ní ìlú baba rẹ̀. Ó dé Òṣogbo, wọ́n ní ìyàwó ará Iléṣà ni. Ó wí fún wa pé ọjọ́ tí owó orí àti owó ẹgbẹ́ bá délẹ̀ nìkan ni òun máa ń ní ìlú méjì. A kò rí èsì fún un.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin ní Àbújá dìbò lórí àbá márùn-ún tí ó kan obìnrin. Ọ̀kan fẹ́ kí a fi ìjókòó kún èyí tí ó wà, kí a sì fi sílẹ̀ fún obìnrin. Ọ̀kan fẹ́ kí obìnrin lè di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà nù. Àwọn obìnrin lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n ṣèlérí pé a óò tún un wò, ṣùgbọ́n kò wọ inú òfin ní ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, aládùúgbò wa, níbi tí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ti ṣe òfin ní ọdún 2019 pé nínú ìjókòó 109 ilé aṣòfin wọn, 24 jẹ́ ti obìnrin. Wọ́n lò ó nínú ìdìbò oṣù kìíní ọdún 2023. Ilé wọn kò wó.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍLÉ

Kì í ṣe ẹgbẹ́ wa ni yóò tún òfin Nàìjíríà kọ. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a kò bá lè fi àyè mẹ́ta fún àwọn ìyá wa nínú ìgbìmọ̀ tiwa, ẹnu wo ni a óò fi bá Àbújá wí?

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní kí obìnrin wá dije bí ọkùnrin, kí a má ya àyè sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn wa ni pé àwọn baba wa ya àyè sọ́tọ̀. Arise kò bá ọkùnrin du oyè rẹ̀. Àyè obìnrin ni, ó wà níbẹ̀ kí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ tó dáyé. Àyè mẹ́ta tí a béèrè kì í ṣe ohun tuntun. Ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ wa ni a ń wá.

Nítorí náà a fi àbá mẹ́ta wọ̀nyí síwájú gbogbo ọmọ ìlú kí ìpàdé gbogbogbòò tó dé. Èkínní, kí a kọ àyè mẹ́ta náà sínú òfin ẹgbẹ́, kí ó má baà jẹ́ ojú rere alága kan tí alága mìíràn lè gbà. Èkejì, kí a fún obìnrin tí ó bá fẹ́ ọmọ ìlú wa, tí ó ń gbé láàárín wa, tí ó sì ń san owó, ní ẹ̀tọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún; bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọmọbìnrin wa tí ó lọ sí ilé ọkọ ní ìlú mìíràn. Obìnrin kan kì yóò tún ní ìlú méjì kí ó má ní ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, kí a máa ṣe ìpàdé ní ọ̀sán. Èyí kéré lójú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni yóò ṣí.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní London, ní Amẹ́ríkà àti ní Èkó, ẹ ti rí i ní àwọn ẹ̀ka yín pé obìnrin ń ṣe akọ̀wé àti akápò, owó kò sì sọnù. Ẹ kọ̀wé sílé. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohùn yín kí ọjọ́ náà tó pé.

Ní ti àgbà wa tí ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, a dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kí a tẹ̀lé àṣà. A gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tí a fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè ni pé kí àṣà tí a óò tẹ̀lé jẹ́ ti Iléṣà, kí ó má jẹ́ ti ajẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá wa dákẹ́ ní ìpàdé tí ó kọjá. Kí Olódùmarè jẹ́ kí a gbọ́ ohùn wọn ní èyí tí ń bọ̀, kí ìlú wa sì máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.